Àjàní, Rìsíìtì Yẹn Dà?

Àjàní ọkọ mi, jókòó. Má tíì dá mi lóhùn. Ìyá rẹ pè mí láti Ìbàdàn lánàá, ó ń yọ̀ lórí fóònù pé ọmọ òun ti gba ìwé àṣẹ láti máa wa bàálù kékeré ní Houston. Inú èmi náà dùn ṣìnkìn. Ṣùgbọ́n ta ló rán ọ ní iṣẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì yìí? O kó owó gidi sílẹ̀, o lọ ra iPad oní-Wi-Fi nìkan, o ní òun ni yóò máa fọ̀nà hàn ọ́ lókè!

Èyí tó ń lo síìmù ni wọ́n fi ohun tó ń gbọ́ sátẹ́láìtì GPS sí nínú, bí o kò tilẹ̀ ra dátà kankan sí i. Tìrẹ kò ní in. Pé ó mọ ibi tó o wà nígbà tó o jókòó ní pálọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, Wi-Fi àdúgbò ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò tan Wi-Fi fún ọ ní 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè Galveston?

O ń rẹ́rìn-ín. O fẹ́ sọ pé wọ́n ń ta ẹ̀rọ kékeré tó lè máa fún un ní GPS láti ìta. Òótọ́ ni. Ooru ńkọ́? Apple fúnra wọn ní kí á má lò ó níbi tí ooru bá ti ju 35°C lọ. Wá gbé e sábẹ́ gíláàsì iwájú Cessna nínú oṣù Ògún ní Texas! Ó lè pa ara rẹ̀ kí ó ní kí o jẹ́ kí òun tutù ná, lásìkò tí o ń rọra yí àyíká pápákọ̀ Bush Intercontinental àti ti Hobby ká, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ láìgbàṣẹ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún bàálù ni kí o rà. Garmin aera 660 tó ọ. Ínǹṣì 5 ni ojú rẹ̀. Ínǹṣì 7 ni ti aera 760, ó dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó ti tóbi jù fún ọwọ́ ìdarí bàálù kékeré. Má kàn sanwó ṣá o. Gbé e bọ́ sínú oòrùn, kí o wọ jígí dúdú tó o fi ń fò, torí àwọn jígí kan ń sọ ojú ẹ̀rọ di dúdú. Kí o ní kí ẹnì kan máa gbọn apá rẹ bí o ti ń fi ìka kan wá pápákọ̀ tó sún mọ́ ọ jù. Bí o bá ń ṣìnà níbẹ̀, dá a padà sórí káńtà. Má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ńpáàsì.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí, Àjàní: àwòrán òjò aláràbarà tó ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ní oṣù Òkudù 2012, NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwòrán yẹn lè fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 gbó ju ọjọ́ orí tí ẹ̀rọ kọ sára rẹ̀ lọ. Ènìyàn kú kí wọ́n tó kọ ìkìlọ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìjàm̀bá tí wọ́n tọ́ka sí ṣẹlẹ̀ nítòsí Bryan, ní Texas wa níbí, lóṣù Ọ̀pẹ 2011. Àlàfo tó o rí láàárín òjò pupa méjì lójú ẹ̀rọ lè ti pa dé kí o tó débẹ̀. Fi àwòrán yẹn yẹra fún òjò láti ọ̀nà jíjìn, má fi wá ojú ihò láàárín rẹ̀ láéláé. Bó ti wù kí ẹ̀rọ alágbèéká wọ́n tó, FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú, kò fọwọ́ sí i pé kí o fi í wọ inú ìkùukùu. Máàpù bébà náà kò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò rẹ.

Gbogbo ọjọ́ 28 ni ìsọfúnni ọ̀nà inú ẹ̀rọ Garmin yẹn ń yí padà, owó ni wọ́n sì ń gbà fún un. Èmi ni n ó san ti ọdún àkọ́kọ́, má bá mi jiyàn. Rìsíìtì iPad yìí dà? Lọ wá a wá, ọ̀la la ó dá a padà.