Ẹyẹ Dúdú Inú Àbàtà

Ẹ ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: à-bà-tà, ko-rí-ko, ì-tẹ́, ò-jú-o-ró.

Ẹyẹ kékeré kan wà nínú àbàtà ilẹ̀ wa. Ara rẹ̀ dúdú. Ojú rẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà pupa. Àgógó ẹnu rẹ̀ dà bí èèpo ọsàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Kò tó ẹyẹlé. Láti ẹnu dé ìrù, ó tó nǹkan bí 20 sàǹtímítà.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Nítorí náà, ó lè rìn lórí òjúoró àti oṣíbàtà láì rì. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń jáde wá jẹun ní etí omi. Ó ń jẹ kòkòrò, ekòló, ìgbín kéékèèké, ẹja wẹ́wẹ́ àti èso koríko. Bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ènìyàn, kì í sábà fò. Ńṣe ni ó ń sáré wọ inú koríko.

Inú koríko náà ni akọ àti abo ń kọ́ ìtẹ́ sí. Àwọn méjèèjì ni ó ń sàba lé ẹyin. Bí ọmọ bá jáde, àwọn ẹ̀gbọ́n tí a ti bí ṣáájú a máa bá bàbá àti ìyá wá oúnjẹ fún àwọn àbúrò wọn.

Bí a bá dáná sun gbogbo koríko etí omi, ìtẹ́ ẹyẹ yóò jóná. Àwa náà yóò pàdánù. Ìdí koríko yìí ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ń di ilẹ̀ mú. Bí kò bá sí mọ́, òjò yóò gbá erùpẹ̀ sínú omi.

Ní ọdún 1971, àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe àdéhùn ní ìlú Ramsar, ní ilẹ̀ Ìráànì, láti dáàbò bo àbàtà. Ní ọdún 2000, a kọ àbàtà ìsàlẹ̀ odò Wẹ̀mẹ̀ àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ sínú ìwé àdéhùn náà. Àdéhùn yìí kò ní kí a má pẹja tàbí kí a má dáko. Ó ní kí a lo àbàtà láì pa á run. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ro oko ní etí omi, kí ó fi koríko tí ó kan omi sílẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni kì í jẹ́ kí ẹyẹ yìí rì?
2. Ta ni ó ń bá òbí bọ́ àwọn ọmọ?
3. Ta ni ó ń sun koríko ní etí omi tiwa? Kí ni a lè ṣe sí i?