Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: ÀÁRÓ NI, KÌ Í ṢE SÀRÁÀ

 

Ní oṣù tó kọjá, orí onídùúró ni ẹ̀kọ́ wa dá lé: ẹni tó lè dúró fún ẹni tó fẹ́ yáwó, àti ohun tí ojú onídùúró máa ń rí bí ẹni tó yáwó bá kọ̀ tí kò san. Àwọn kan sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ náà le jù. Ti oṣù yìí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tèmi gan-an wà nínú rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ arábìnrin wa tó ń ránṣọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun ló ní kí n má dárúkọ òun. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì nígbà tó wà ní kékeré. Màṣíìnì ọlọ́wọ́ ló fi ń ránṣọ. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nínú ẹgbẹ́ yìí, kò sì sí oṣù kan tí kò dá owó. Mo tú ìwé wò dáadáa kí n tó kọ èyí sílẹ̀. Kí àwa tí ẹsẹ̀ wa pé náà lọ wo páàsìbúùkù tiwa.

Ìyá rẹ̀ ló ń pọnmi fún un tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìyá náà papò dà. Ni àwọn ẹbí bá ní kó palẹ̀ ẹrù mọ́, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó. Ó ní òun ò lọ. Ó ní ní Ìsinbọ̀dé ni oníbàárà òun wà, pé bí òun bá dé Èkó, kọ̀rọ̀ pálọ̀ ẹlòmíràn ni òun yóò máa jókòó sí, tí wọn yóò máa gbé oúnjẹ wá bá òun bí ọmọ ọwọ́. Ó wá kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé òun fẹ́ yá owó. Iye tó béèrè kò tó ìlọ́po méjì owó tó ní nílẹ̀, bí òfin wa ṣe wí. Ó fẹ́ ra màṣíìnì kejì kó lè gba ọmọ iṣẹ́, ó sì fẹ́ da kọnkéré sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè máa wọlé.

Ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ẹnìkan ní, “Bí kò bá rí i san, ta ni yóò lọ gbé ẹrù irú ẹni bẹ́ẹ̀?” Ẹnìkejì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí á gba èlé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí dùn létí, àmọ́ òun gan-an ló ba nǹkan jẹ́. A kò yá a lówó. A dá owó láàrin ara wa, a ra àpò ìrẹsì kan, a fi owó díẹ̀ lé e, a kó o lọ bá a nílé. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ẹgbẹ́ ṣàánú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi ọlọ́kadà dá ìrẹsì náà padà sílé mi, tòun ti owó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan pé: “Akọ̀wé, ẹ ṣeun o. Mi ò tọrọ. Owó ni mo ní kí ẹ yá mi.”

Inú bí mi. Mo délé, mo ní aláìmoore ni. Ìyàwó mi ló wá bi mí pé, bí èmi bá lọ yáwó ní báǹkì, tí wọ́n gbé búrẹ́dì lé mi lọ́wọ́, ṣé n ó dúpẹ́? N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ mọ àáró dáadáa. Bí ẹ bá bá mi ro oko mi lónìí, mo jẹ yín ní iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó ni oko ló ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń sọ bí ebè yóò ṣe tóbi tó. Kò sí alááró tó máa dé oko olóko kó ní ẹ̀gẹ́ lòun ó gbìn, nígbà tí olóko ní iṣu. Sàráà yàtọ̀ sí i. Ẹni tó ń ṣe sàráà ló ń yan ọjọ́, òun ló ń yan ohun tí yóò fún ni, ẹni tó gbà á kò lẹ́nu ńbẹ̀. Sàráà dára láyè tirẹ̀, n kò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè fi sàráà dá ilé gbé, torí pé kò mọ ìgbà tí yóò tún dé. Àáró la lè gbọ́kàn lé, nítorí gbèsè ni.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ẹni òrìṣà ni arọ, abuké àti àfín, pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó dára. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹlẹ́yà, àmọ́ kò sọ ẹni tí yóò pọnmi. (Èmi náà ti ń kọ “aláàbọ̀ ara” sínú ìwé ẹgbẹ́ tipẹ́. Arábìnrin yìí bi mí léèrè pé àbọ̀ èwo ló kù lára òun. Lórí rédíò wọ́n ń pè é ní àkàndá báyìí, òun ni n ó máa lò.)

Mo padà lọ bá a, mo ní kó sọ ohun tó ń fẹ́ fún mi. Mo mú bírò lọ́wọ́, mo rò pé yóò gùn. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì láràárọ̀ kí oòrùn tó mú, òun lèkínní. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó lọ sí ilé ìgbẹ́, kí wọ́n ro ó, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ kó dọ́gba. Ní ọjọ́ ọjà, kí ẹnìkan bá a gbé aṣọ láti ibi tí ọkọ̀ ti já a sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé òun bi òun kí ó tó gbé òun. Ó ní àwọn ọmọkùnrin ìlú yìí kàn máa ń gbá òun mú lábíyá bí àpò kòkó ni, tí ìró òun á sì tú lójú gbogbo ayé. Mo ní oúnjẹ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọbẹ̀ òun dùn ju ti ilé mi lọ.

Ẹ wò ó, ìrẹsì kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ẹ má rò pé láti orí èmi ni èrò yìí ti wá. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Adolf Ratzka, ọmọ Jámánì. Àrùn kan náà tó mú arábìnrin wa ló mú un ní 1961, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọdún bíi márùn-ún ló fi wà ní ilé ìwòsàn. Kò lè dá dìde lórí ibùsùn, kò lè dá wọ aṣọ. Ní 1966 ó lọ kàwé ní California ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹni tí ń ràn án lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, tó ń sanwó fún wọn, tó sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́. Nígbà tó dé ilẹ̀ Sweden ní ọdún 1973, ó rí i pé ìjọba ibẹ̀ ń ṣe ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ló ń yan ẹni tí yóò wá, òun ló sì ń yan àkókò. Ilé onílé ni, ọ̀rọ̀ ọlọ́fíìsì ló ń ṣẹ níbẹ̀. Kí wá ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe? Ní 1984, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní ìlú Stockholm. STIL ni wọ́n pè é. Ẹgbẹ́ bíi tiwa gan-an ni, ó ní ọmọ ẹgbẹ́, ó ní ìgbìmọ̀, ó ní ìwé owó. Àwọn àkàndá tó nílò ìrànlọ́wọ́ gan-an ni ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n kó owó tí ìjọba ń ná lórí wọn jọ sínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ń ṣe ìṣirò, ó ń san owó oṣù, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́, òun sì ni ọ̀gá lórí iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 1994, ìjọba Sweden sọ irú ètò yìí di òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Sweden lówó, Ìsinbọ̀dé kò ní. Òtítọ́ ni. Owó wọn kọ́ ni mo ní kí á mú. Bí wọ́n ṣe tò ó ni mo ní kí á wò: ẹni tó ni ara ló ń pàṣẹ, ẹgbẹ́ ló ń ṣe ìṣirò. Èyí kò gbà ju ìwé àti bírò lọ.

Nínú ilẹ̀ tiwa, òfin kò ṣàìsí. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ àkàndá dù ú. Òfin náà ní kí ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, ó sì fún àwọn onílé ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2010, Nàìjíríà ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006. Abala 19 nínú rẹ̀ ní àkàndá lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ibi tí yóò máa gbé àti ẹni tí wọn yóò jọ máa gbé, kí ìrànlọ́wọ́ sì máa bá a níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí arábìnrin wa ní òun ò lọ sí Èkó, orí kunkun kọ́. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í pọnmi. Aládùúgbò ló ń pọnmi.

Ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káàkiri ayé, ìlànà wa kìíní tí wọ́n tún kọ ní 1995 ní ẹgbẹ́ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó lè lo iṣẹ́ ẹgbẹ́, tó sì fẹ́ gba ojúṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ kà á dáadáa. Kò sọ pé ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn.

Àtẹ̀gùn ilé ìpàdé wa jẹ́ mẹ́ta. Láti ọdún mọ́kànlá ni arábìnrin yìí ti ń jókòó sí ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo rántí pé nígbà tí a dìbò yan akápò, ẹni tó ń ka ọwọ́ kò jáde sí ìta. Bírìkìlà kan ti wá wò ó, ó ní òun yóò ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹ má gbà fún un. Ìlànà tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò ni pé bí ilẹ̀ bá ga ní ínṣì kan, kí ọ̀nà gùn ní ínṣì méjìlá. Àtẹ̀gùn wa ga ní ínṣì 18, ẹsẹ̀ bàtà 18 ni yóò gbà, kó sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Èyí tó kúrú yóò dojú kẹ̀kẹ́ dé sẹ́yìn ni. Àwọn ìyá arúgbó wa tí orúnkún ń dùn náà yóò gbádùn rẹ̀, àti ẹni tó ń ti kòkó wọlé.

Mo ní láti sọ ti baba wa afọ́jú náà, èyí tí mo fi pamọ́. Nígbà tí a pín èrè lọ́dún kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá, mo sì ka owó lé e lọ́wọ́. Mo rò pé oore ni mo ṣe, kí baba má bàa wàhálà. Owó náà kò pé dé ilé. Baba kò bá mi jà, ó kàn ní, “Akọ̀wé, ojú mi ló fọ́, ọwọ́ mi kò fọ́.” Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń ka owó sí, lẹ́yọ lẹ́yọ, mo sì ń ka páàsìbúùkù rẹ̀ sí i létí ní ìdákọ́ńkọ́, kì í ṣe láàrin gbọ̀ngàn níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti gbọ́ iye tó ní. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú wà ní Ìkẹ̀rẹ́, ti àwọn adití wà ní Ìkòrò, nínú Èkìtì wa níbí. Ọmọ yóò kàwé ńbẹ̀ tán, yóò mọ Braille, yóò mọ iṣẹ́ ọwọ́, yóò padà wálé, ìlú yóò sì ní kó lọ jókòó. Fún adití, ìrànlọ́wọ́ kò tilẹ̀ náni ní kọ́bọ̀: kí alága kọjú sí wọn bó bá ń sọ̀rọ̀, kí n sì kọ ohun tí a fẹ́ jíròrò sí pátákó kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń mú wá síwájú yín nìyí. Kí ẹgbẹ́ ní ìwé àáró kan. Ẹni tó bá nílò iṣẹ́ yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ẹni tó bá ṣe é, a ó kọ orúkọ rẹ̀. Bí arábìnrin wa yóò ṣe san tirẹ̀ padà, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́: ilé tí ọmọ wọn bá ń pọnmi fún òun, òun ni yóò máa tún aṣọ ilé-ìwé gbogbo ọmọ ilé náà ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ilé mẹ́ta ti gbà. Ẹni tí kò lè san án padà rárá ńkọ́? Mo ti rò ó títí. Èrò tèmi ni pé kí á fi í sọ́rùn gbogbo ẹgbẹ́, bí a ti ń ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń ṣàìsàn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀, kó sọ ọ́ ní ìpàdé.

Ìpàdé gbogbogbòò yóò wáyé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Títí a ó fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ìta la ó jókòó sí, lábẹ́ igi, gbogbo wa. Ìwé ẹ̀yáwó arábìnrin wa yóò tún wá síwájú. Onídùúró méjì ni òfin wa béèrè. Mo ti wò ó, kò kọ̀ fún akọ̀wé láti dúró, mo sì ti fọwọ́ sí i. Ó ku ẹnìkan. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá bá mi nílé kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, kó mú páàsìbúùkù rẹ̀ dání.