Orúkọ fún Ẹyẹ Òkèèrè: Pẹ́pẹ́yẹ Alárìnjó

Bí olùkọ́ ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà Àkókó bá ń kọ́ni nípa ẹyẹ omi, pẹ́pẹ́yẹ agboolé ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú agboolé kì í ṣe ẹyẹ ìbílẹ̀ Áfíríkà. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Síbẹ̀, orúkọ Yorùbá ni a fi ń pè é. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún olùtumọ̀.

Ẹyẹ tí ó mú ìṣòro wá ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní harlequin duck. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà. Akọ rẹ̀ dúdú bí aró, ìhà rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìlà funfun sì wà kiri ara rẹ̀. Abo rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀. Etí odò tí ń ṣàn kíkankíkan láàrin àpáta ni ó ń yé sí; ní ìgbà òtútù, a máa lọ sí etíkun olókùúta. Ó wà ní Aíslándì, Gíríńlándì, Kánádà, Àláskà àti ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà.

Ní 1758, Linnaeus sọ ọ́ ní Anas histrionica. Histrionicus histrionicus ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Òṣèré ni histrio ní èdè Látìnì. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà wá láti ara apanilẹ́rìn-ín inú eré àwọn ará Ítálì, tí ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ àlẹ̀pọ̀ aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọn ará Aíslándì, ní tiwọn, wo ibùgbé rẹ̀: straumönd, èyíinì ni pẹ́pẹ́yẹ odò tí ń ṣàn.

“Pẹ́pẹ́yẹ òkun” kò tó, nítorí pé pẹ́pẹ́yẹ òkun pọ̀. “Hálíkúìnì” kò sọ ohunkóhun fún akẹ́kọ̀ọ́. “Pẹ́pẹ́yẹ eégún” ṣìnà, nítorí pé ará ọ̀run ni eégún, kì í ṣe apanilẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n alárìnjó jẹ́ òṣèré tí ń ti ìlú kan dé òmíràn pẹ̀lú ẹ̀wù aláràbarà. Òótọ́ ni pé èébú ni ọ̀rọ̀ náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó ti di orúkọ iyì nínú ìmọ̀ eré oníṣe.

Nítorí náà, “pẹ́pẹ́yẹ alárìnjó” ni ó yẹ: ó pa ìtumọ̀ orúkọ Látìnì mọ́, ó sì rántí ìrìn ẹyẹ náà láti odò dé òkun. Kí olùkọ́ kọ orúkọ Látìnì tẹ̀ lé e ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ Ọ̀kà tí kò tíì rí òkun, ṣùgbọ́n tí ó mọ bí omi òjò ṣe ń já lórí àpáta, yóò lóye ibi tí ẹyẹ náà ń gbé.