Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Awakọ̀ lórí Ọ̀nà Òkè Ẹ̀fọ̀n

Awakọ̀ tó ń ti Adó-Èkìtì lọ sí Iléṣà lè gba Ìyìn, Ìgèdè àti Aramọkọ dé oríta Itawure, níbi tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti yà, tàbí kí ó gba Àkúrẹ́ àti Ìgbàrà-Òkè, èyí tó gùn jù ṣùgbọ́n tí òkè rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Iye kìlómítà ló sábà ń tan ọ̀dọ́ jẹ, nítorí pé ọ̀nà tó kúrú jù lè jẹ́ èyí tó gba agbára ọkọ̀ àti ìfarabalẹ̀ awakọ̀ jù, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sáàárín òkè.

Ìsọ̀kalẹ̀ léwu ju ìgòkè lọ. Bí awakọ̀ bá ń tẹ bíréèkì láìdáwọ́ dúró, bíréèkì náà yóò gbóná débi pé kò ní lè dá ọkọ̀ dúró mọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ó ti bọ́ sí jíà kejì tàbí ìkínní kí ó tó máa sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa dín eré ọkọ̀ kù. Àwọn tó ń yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà nítorí àtiṣọ́ epo ń fi owó kékeré ra wàhálà ńlá.

Ẹni tó ń lọ wo omi gbígbóná Ìkógòsì lè yà ní Aramọkọ gba Erínjíyàn, láìgun òkè Ẹ̀fọ̀n rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí Iléṣà tí kò gun òkè náà rí, bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ó gba Àkúrẹ́.