Ìbọn ní Amẹ́ríkà: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Bí ẹ̀gbọ́n yín tó ti pẹ́ ní Texas tàbí Georgia bá ní òun fẹ́ mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń yin ìbọn dánra wò lọ́jọ́ Sátidé, ìwé tí ẹ fi wọ̀lú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́, físà ìbẹ̀wò tàbí físà iṣẹ́ wọ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí kò tíì kọjá ọjọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni. Kò sí ìpínlẹ̀ tó lè yí i padà. Láti 2022, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15.

Ẹ má sọ pé ìbọn àyálò kì í ṣe ìbọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti United Arab Emirates yá ìbọn níbi ìdánrawò ní Florida, ó yìn ín, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù, nítorí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti lé e, ẹ̀tọ́ tó ní láti gbé ìlú náà sì ti dópin. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 2019. Wọ́n ní ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni náà mọ irú ipò tí òun wà. Ẹ̀yin tó ń ka èyí ti mọ̀ báyìí.

Ẹni tó ní gíríìn káàdì, títí kan ẹni tí lọ́tìrì físà gbé dé láti Benin tàbí Togo, lè ra ìbọn lọ́dọ̀ oníṣòwò lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀: ọmọ ọdún 18 fún ìbọn gígùn, 21 fún ìbọn ìléwọ́. Ojú àánú ẹbí ló ń gbé irú wọn ṣubú. Wọ́n á ní: "Bá mi rà á, màá fún ẹ lówó." Form 4473 tí ẹ máa kọ ní ṣọ́ọ̀bù ń béèrè bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ ni ín. Ọkùnrin kan ní Virginia dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé ó ń ra ìbọn ìléwọ́ Glock fún àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀. Òfin gba àgbà náà láyè láti ní ìbọn, síbẹ̀ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí ìdálẹ́bi ọkùnrin náà ní 2014. Ọ̀nà tí a lè gbà ṣe ẹbí lóore pọ̀. Ẹ fo èyí. Kóòtù tó bá dá ẹni tó ní gíríìn káàdì lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ìbọn lè mú kí wọ́n dá a padà sílé.

Àwọn onílẹ̀ náà kò bọ́ nínú ìtìjú yìí. Ní oṣù kejì 2008, Plaxico Burress, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, gba bọ́ọ̀lù tó fún New York Giants ní ife-ẹ̀yẹ Super Bowl. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó ki Glock bọ ìbàdí ṣòkòtò onírọ́bà, ó wọ ilé fàájì ní Manhattan. Ìbọn yọ̀, ọta jáde, ó wọ itan Burress fúnra rẹ̀. Ó ti gba ìwé àṣẹ ní Florida rí, ṣùgbọ́n ìwé náà ti kọjá ọjọ́, New York kò sì ka ìwé Florida sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Nítorí náà, ìbọn tí ẹ bá fẹ́ gbé sára gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tirẹ̀ tó bo tìrígà. Bó bá ń já bọ́, ẹ jẹ́ kó bọ́. Ọwọ́ tó fẹ́ gbá a mú ló sábà máa ń kan tìrígà.

Ti òṣìṣẹ́ DEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, kan ní Orlando tún burú jù ú lọ. Ní 2004, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé nípa ewu ìbọn, ó ní òun nìkan lòun mọ̀ ọ́n mú nínú yàrá náà, kò sì pẹ́ tó fi yin ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kámẹ́rà ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ti ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú títí ẹ ó fi fojú ara yín rí i pé kò sí. Yíyọ mágásíìnì nìkan kò tó, nítorí ọta kan lè wà ní ìdí ọ̀pá ìbọn síbẹ̀. Mágásíìnì lẹ máa kọ́kọ́ yọ, kí ẹ tó fa òkè ìbọn sẹ́yìn kí ọta yẹn jáde. Ẹni tó bá yí i padà, tó fa òkè kó tó yọ mágásíìnì, ti tún fi ọta mìíràn há a. Glock sì wà nínú àwọn ìbọn tí wọ́n ní láti fa tìrígà wọn kí wọ́n tó tú wọn palẹ̀ láti nù wọ́n. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ògiri pálọ̀ àwọn ènìyàn.

Ní pápákọ̀ òfurufú, "mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀" ni gbogbo wọn ń sọ. Ní 2023, TSA, àjọ tó ń yẹ èrò ọkọ̀ òfurufú wò, bá ìbọn 6,737 níbi àyẹ̀wò èrò, bíi 93 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ní ọta nínú. Atlanta ló ga jù. Owó ìtanràn rẹ̀ lè ju 10,000 dọ́là lọ, yàtọ̀ sí ti ọlọ́pàá. Ẹni tó fẹ́ gbé ìbọn wọ bàálù láàárín Amẹ́ríkà yóò yọ gbogbo ọta, yóò tì í mọ́ inú àpótí líle, yóò sì sọ fún iléeṣẹ́ bàálù nígbà tó bá ń fi ẹrù sílẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni pé kí àpò tí ẹ fi ń gbé ìbọn má ṣe bá yín rìnrìn-àjò rárá. 

Nílé, àwọn ọdẹ a máa yin ṣakabùlà sókè níbi òkú ọdẹ. Ẹ má dán an wò ní ìgboro Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ òru ọdún tuntun. Ọta tó lọ sókè yóò padà wálẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 14 kan kú bẹ́ẹ̀ ní Phoenix ní 1999, Arizona sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ní 2000.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló wúwo jù. Orí àjà àti abẹ́ ìrọ̀rí kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ọmọ mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé ju bàbá rẹ̀ lọ. Kí ìbọn wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ọta wà lọ́tọ̀. Ní Michigan ní 2024, kóòtù dá ìyá àti bàbá kan lẹ́bi ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ wọn fi ìbọn tí wọ́n rà fún un pa, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15 ni wọ́n dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ kò tilẹ̀ ní ìbọn, ẹni tí ẹ fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́ lè ní in. Ẹ béèrè pé ṣé ìbọn wà nílé, níbo ló wà, ta ló mú kọ́kọ́rọ́. Onílé tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ má ṣe fi ọmọ yín sílẹ̀ fún un.