Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ̀wé Síra Wọn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tí o ti ń kọ́ni náà ti ń mọ́ ọ lára. Ìyá rẹ àgbà ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀. Má fèsì ìyẹn sí mi o, òun ni kí o pè.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ló mú mi jókòó. O ní wọn kì í ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, nóòtì tí ẹlòmíràn ti ṣe lórí ìwé náà ni wọ́n ń há sórí. Bí o bá béèrè ohun tí ojú Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, rí lọ́dọ̀ iwin tó ń jẹ́ Agbákò, gbogbo wọn a dákẹ́ lọ gbári. O wá ń rò pé bóyá Fágúnwà tó kọ ìwé náà ti di ti àwa àgbà, kì í ṣe tiwọn mọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wo fíìmù iwin àti àǹjọ̀nú títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ṣé àwọn ni yóò sọ pé igbó Fágúnwà kò dùn?

Ohun tí mo fẹ́ kí o wò ni ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ìwọ nìkan ni. O béèrè ìbéèrè tí o ti mọ ìdáhùn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́, o fi báírò pupa sàmì sí i, ó parí. Ta ló máa ń fi gbogbo ara sọ ìtàn fún ẹni tó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá mọ̀ pé ẹni tí àwọn jọ jókòó ni yóò ka ohun tí òun kọ, tí onítọ̀hún yóò sì fèsì, kò sí ẹni tí yóò lé e kó tó padà sínú ìwé lọ wá ohun tí yóò fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, ra ìwé ìkọ̀wé tó nípọn, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń kọ gbèsè sílẹ̀. Pín kíláàsì sí ọ̀wọ́, bí ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Ẹni tó bá gbà á lónìí yóò gbé e lọ sílé, yóò kọ èrò rẹ̀ lórí ibi tí ẹ kà dé. Kì í ṣe àkópọ̀ ìtàn o, èrò rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbà á lọ́la yóò kọ́kọ́ fèsì sí ti àná kó tó kọ tirẹ̀. Má jẹ́ kí òfin pọ̀. Ẹni tó bá ta ko ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ojú ìwé tó gbára lé. “Ó dára” nìkan kì í ṣe èsì. Wọ́n lè bú Kákó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìtàn náà, bó ṣe wù wọ́n, wọn kò gbọdọ̀ bú ara wọn.

Kákó yìí gan-an ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀ bí mo bá jẹ́ ìwọ. O rántí pé nígbà tí ọba rán Àkàrà-Oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ó kó àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, Kákó sì wà nínú wọn. Ìyàwó Kákó dì mọ́ ọn pé kò níí lọ. Kákó pa á, ó bá ìrìn-àjò lọ. Irú nóòtì tí àwọn ọmọ ń há yóò sọ pé akọni ni Kákó, ó fi iṣẹ́ ìlú ṣáájú ti ara rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yóò sì pin sí.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, tí mo sì ń lo irú ìwé ọ̀wọ́ yìí, ọmọkùnrin kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí kì í lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀wọ́ wọn pé ohun tí Kákó ṣe dára, nítorí ọdẹ tí ìyàwó bá dá dúró, ojú wo ni yóò fi wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ọmọbìnrin kan kọ ìlà kan péré sábẹ́ rẹ̀: “Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ìyàwó yẹn ńkọ́?” Ọmọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀, ló bá padà sínú Fágúnwà. Nígbà tí ìwé tún kàn án, ó kọ ojú ewé méjì gbáko. Ó ní ẹnu ni Kákó kò ní: ó mọ bí a ti ń bá ẹranko wọ̀yá ìjà, kò mọ bí a ti ń bá ẹni ẹni sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn tún ta ko ìyẹn, ó ní a kì í fi ojú òde òní wo ọdẹ ayé àtijọ́. N kò fi èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí wọn lẹ́nu, kò sì sí nínú nóòtì kankan tí mo mọ̀. Ìfìwàwẹ̀dá, bí òǹkọ̀wé ṣe ń fi ìwà hàn lára ẹ̀dá ìtàn, tí à ń fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn kò ju ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà yẹn lọ.

Fágúnwà fúnra rẹ̀ fẹ́ kí òǹkàwé wọnú ìtàn báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ó rọ òǹkàwé pé bí ẹ̀dá ìtàn kan bá ń sọ̀rọ̀, kí á fi ara wa sí ipò onítọ̀hún, kí á sọ ọ́ bí ẹni pé àwa gan-an ni. Àwa olùkọ́ ni a máa ń fo ojú ìwé yẹn. Ìwọ má fò ó. Ní kí wọ́n kọ lẹ́tà tí ìyàwó Kákó ì bá kọ sílẹ̀ kó tó kú. Ní kí wọ́n kọ̀wé ní orúkọ ìyá Àkàrà-Oògùn, àjẹ́ tí ọkọ rẹ̀ yìnbọn pa. Tún jẹ́ kí wọ́n wo bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀: arúgbó ọdẹ kan wá bá akọ̀wé, ó ní kó mú ìwé àti pẹ́ẹ̀nì. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn méjèèjì ni. Lọ́jọ́ kejì, èrò ti dé. Nígbà tó yá, wọ́n kún bámúbámú. Àárín èrò ni Fágúnwà gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ilé-ẹ̀kọ́ ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo àti bébà ìdánwò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé àṣà àjèjì lo kó wọlé, sọ ti Sẹ̀gilọlá fún un. Láàárín 1929 sí 1930, kí ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938, Isaac Thomas ń gbé Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ó kọ ọ́ bíi lẹ́tà láti ọwọ́ obìnrin kan tí àìsàn dá gúnlẹ̀, tó ń ro ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn òǹkàwé náà gbé kálàmù, wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí olóòtú, àwọn kan sì ń ṣàánú obìnrin náà bí ẹni pé ó wà ní àdúgbò wọn lóòótọ́. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, èsì òǹkàwé ti ń wọlé kó tó di ìwé.

Ibi tí yóò ti le fún ọ ni dídákẹ́. Mo mọ ẹnu rẹ láti kékeré. Bí o bá rí i tí ọmọ kan kọ ìsọkúsọ, dúró. Ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò mú un kó tó dọ̀dọ̀ rẹ. Má mú báírò pupa wọnú ìwé yẹn rárá. Bí àmì ohùn bá ṣì wọ́n lọ́wọ́, kọ àṣìṣe náà sápá kan, kí o kọ́ gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ mìíràn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ìwé Fágúnwà tí wọ́n ń lò bá jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ tó ń kọ “aiye” àti “enia”, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ti wà ṣáájú ìlànà àkọtọ́ 1974, kí ẹ sì máa bá kíkà lọ. Ìwọ náà kọ tìrẹ sínú ìwé ọ̀wọ́ náà, ṣùgbọ́n kí o kọ ọ́ kẹ́yìn, kó sì jẹ́ ohun tí kò yé ọ ni wàá kọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀dà ìwé Fágúnwà kò kárí wọn. Kà á sókè fún wọn nígbà náà, tàbí kí ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn nínú wọn kà á. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, ẹnu ló sì ń tú u. Bí àwọn òbí bá fọwọ́ sí i, ẹ lè máa ṣe gbogbo rẹ̀ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n bébà ni mo fẹ́ràn jù: dátà kì í tán nínú rẹ̀. Bí kíláàsì kékeré bá ní igbó náà ṣókùnkùn jù, fi Ó Le Kú Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́ yóò dá ìjà tó tó sílẹ̀. Kí ẹ ṣáà padà sọ́dọ̀ Fágúnwà.

Ọ̀gá yín yóò béèrè pé WAEC ńkọ́. Sọ fún un pé ọmọ tó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí Kákó, tó ń tọ́ka ojú ìwé, kò ní wá ohun tí yóò kọ tì. Fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìdánwò kọ́ wọn bí a ti ń dáhùn ìbéèrè. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì, n kò fojú kéré rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò kọ dáadáa. Àwọn kan yóò kọ ìlà méjì, wọn yóò gbé ìwé sílẹ̀. Gbà á bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ka ti àwọn yòókù.

Mo ti fi owó ìwé ìkọ̀wé náà rán ẹ̀gbọ́n rẹ. Bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ bá wọlé sáà tuntun, kí o sì fi fóònù ya ojú ewé kan tó bá dùn mọ́ ọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rí sọ nípa Kákó.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.