Ẹ Má Da Májèlé Sódò

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí adágún omi ẹ̀yìn abúlé fà, àwọn ọ̀dọ́ kan a máa wá ọ̀nà àbùjá. Wọn a da Gamalin 20 sómi, wọn a dúró kí ẹja léfòó. Oògùn kòkòrò kòkó ni Gamalin. Lindane ló wà nínú rẹ̀, láti 2009 sì ni Àdéhùn Stockholm ti kà á mọ́ májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ mú kúrò nílẹ̀. Ẹja tó pa, ènìyàn ló ń jẹ ẹ́. Omi náà làwọn ìyá ń pọn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ wo bí àwọn àgbà apẹja ṣe ń ṣe é. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á fi ekòló bo ìwọ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ má hàn. Ẹ̀gbẹ́ koríko ni wọ́n ń dẹ ìgèrè sí kí ilẹ̀ tó ṣú, torí òru ni àrọ̀ ń jẹ̀ jù.

Ẹ ṣọ́ra fún àrọ̀ o! Egungun mímú kan wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ẹ̀yìn egungun yìí ni kí ẹ ti dì í mú.

Epìyà ní tirẹ̀, ẹ la ẹnu rẹ̀ wò kó tó wọ agbọ̀n, torí ẹnu ni ọ̀pọ̀ wọn ń kó ẹyin sí. Bí ẹ bá rí ẹyin róbótó tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ níbẹ̀, ẹ dá a padà sómi lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ẹja tí kò tíì dàgbà.

Ẹni tó bá sì rí i tí wọ́n ń gbé májèlé lọ sódò, ẹ jọ̀ọ́, kó tètè sọ fún baálẹ̀.